A Ti Gbọ́ Pé Ẹ Ní Ẹ̀wà, Kí Ni Kí A Ṣe?

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá l'óṣù yìí, ojú kọ́kọ́ ń tì wá láti kọ ọ́, nítorí pé àwa gan-an ni a ṣe àṣìṣe tí ó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó ẹgbẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà dá lé, owó ẹgbẹ́ kì í sì í ṣe owó akọ̀wé. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́.

Ẹ ó rántí pé ní ìpàdé ọlọ́dọọdún wa, gbogbo wa ni a fi ọwọ́ sí i pé kí a mú lára owó ìfipamọ́ ẹgbẹ́, kí a fi ra ogún àpò ẹ̀wà olóyin ní ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn, níbi tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tí ó ń bọ̀ láti òkè Ọya ti máa ń já ẹ̀wà àti àgbàdo sílẹ̀. Èrò wa ni pé kí ọmọ ẹgbẹ́ lè rí ẹ̀wà rà ní iye tí ó dín díẹ̀ sí ti ọjà, kí èrè tí ó bá kù sì wọ inú àpò ẹgbẹ́. Ẹ̀wà dé, ó sì dára. A tò ó sí yàrá tí ó wà l'ẹ́yìn ọ́fíìsì, a fi pákó sí abẹ́ rẹ̀ kí ọ̀rinrin ilẹ̀ má baà mú un.

A wá jókòó, a mú bírò, a kọ ìkéde kan tí ó dùn mọ́ wa nínú púpọ̀. Báyìí ni ó lọ: "Èyí ni láti fi tó gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ àti ará ìlú l'étí pé ojúlówó ẹ̀wà olóyin, èyí tí a fara balẹ̀ ṣà, tí kò l'ókùúta, tí ó sì dùn jọjọ, ti wà l'ọ́dọ̀ ẹgbẹ́ wa. Ẹgbẹ́ wa ni ẹgbẹ́ tí ó ń ro ire fún àwọn ènìyàn rẹ̀." A lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó ìkéde, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri l'ẹ́bàá ọjà, a sì tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù ránṣẹ́ sí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́.

Àwọn ènìyàn kà á. A kò lè parọ́, wọ́n kà á, ojú wa ni ó ṣe. Ẹlòmíràn á dúró, á kà á láti òkè dé ilẹ̀, á mi orí, á sì bá tirẹ̀ lọ. Àwọn kan tilẹ̀ ń kí wa l'ọ́nà pé, "Akọ̀wé, ẹ kú ẹ̀wà o!" Wọ́n ń kí wa kú ẹ̀wà bí ìgbà tí ènìyàn ń kí olóde kú ìnáwó. Àpò kan ààbọ̀ péré ni a tà ní odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin ni akápò wa pè wá sí yàrá ẹ̀yìn. Ó ti tú àpò kan, ó bu ẹ̀wà sí àtẹ́lẹwọ́, ó nà án sí wa. A rí ihò wínníwínní l'ára ẹ̀wà bíi mélòó kan. Ẹni tí ó bá ti ta ẹ̀wà rí mọ ohun tí ihò yẹn túmọ̀ sí. Kòkòrò a máa yé ẹyin sí ara èèpo ẹ̀wà, ọmọ tí ó bá pa á máa wọ inú ẹ̀wà lọ, ibẹ̀ ni yóò ti máa jẹun títí yóò fi dàgbà, kí ó tó lu ihò jáde. Láàrin nǹkan bí oṣù kan, àwọn tí ó jáde yẹn náà ti bí tiwọn. Bí a kò bá tètè ta ẹ̀wà yìí, owó ìfipamọ́ wa ni kòkòrò ń jẹ. Ẹnìkan wí fún wa pé kí a wá oògùn apakòkòrò da sí i. A kọ̀. Oúnjẹ ni, ènìyàn ni yóò jẹ ẹ́, àjọ NAFDAC náà sì ti ń kìlọ̀ fún àwọn ọlọ́jà pé kí wọ́n yé lo irú oògùn bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀wà. A sá ẹ̀wà náà s'óòrùn, a kù ú, a sì yọ àpò tí ó ti bàjẹ́ jù kúrò. Àdánù ni ìyẹn, a ti kọ ọ́ sínú ìwé ìṣirò.

Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa tí ó ń ta èlùbọ́ ni ó la ojú wa. Ó wá san owó ẹ̀yáwó rẹ̀ l'ọ́jọ́ náà. Bí ó ti ń ká káàdì rẹ̀ pamọ́, ó wo ìkéde tí ó wà l'ára ògiri, ó ní, "Akọ̀wé, ẹ ní ẹ ní ẹ̀wà."

A ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

Ó ní, "A ti gbọ́. Kí wá ni kí a ṣe?"

A kọ́kọ́ rò pé Ìyá ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ó ní, "Rárá o, mo ń béèrè ni. Ṣé odindi àpò ni ẹ ń tà, àbí ènìyàn lè ra kóńgò kan? Èló ni kóńgò náà? Ṣé kí n wá l'ónìí ni, àbí ó di ọjọ́ ìpàdé? Ta ni kí n bá? Ṣé owó ọwọ́ ni ẹ fẹ́ gbà, àbí ẹ ó yọ ọ́ nínú owó tí mo fi pamọ́? Ẹ kàn ń yin ẹ̀wà ni. Èmi tí mo ń ta èlùbọ́, bí mo bá ń yin èlùbọ́ láti òwúrọ̀ d'alẹ́, tí n kò sọ fún ènìyàn pé kó wá fi ọwọ́ kàn án, ta ni yóò rà á l'ọ́wọ́ mi?"

Ẹ̀yin ènìyàn wa, a kò sùn dáadáa l'óru ọjọ́ náà. Àwa tí a lọ ilé ìwé girama, tí a mọ bí a ti ń kọ lẹ́tà sí ìjọba, a kọ ìkéde tí kò ní kí ẹnikẹ́ni ṣe ohunkóhun.

Láti ìgbà náà ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí fi etí sí bí àwọn ọlọ́jà ti ń pe oníbàárà. Ohun tí a rí ni pé ìpè kò jẹ́ ọ̀kan náà, olúkúlùkù ọjà ni ó ní irú ìpè tí ó bá a mu.

Ẹ wo ẹlẹ́kọ tí ó ń kiri l'ówùúrọ̀. Bí ó bá ti ń ké pé ẹ̀kọ òun gbóná, kò sọ pé kí ẹ rà á, kò sọ iye owó, kò sọ ibi tí ẹ ó ti rí òun. Síbẹ̀ ọmọ ti gbé àwo jáde kí ìyá rẹ̀ tó pè é. Kí ló fà á? Àṣà ti bá ẹlẹ́kọ parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Gbogbo ilé ni ó mọ̀ pé a ó pè é, yóò dúró, yóò sọ igbá kalẹ̀, a ó san owó. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ó kù fún un láti sọ ni pé ó gbóná, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ẹ jáde nísisìyí, kò ní gbóná bẹ́ẹ̀ títí. Ṣùgbọ́n ẹ̀wà nínú yàrá ẹ̀yìn ọ́fíìsì ẹgbẹ́ kò ní àṣà kankan. Kò sí ẹni tí ó mọ bí a ti ń rà á. Àwa wá lọ ń polówó rẹ̀ bí ẹlẹ́kọ, a sì jókòó, à ń retí kí ọmọ gbé àwo jáde.

Ẹ wo oníkòkò gàrí. Òun kì í ní kí ẹ rà á ní ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Ẹ tọ́ ọ wò." Ẹ ó bu díẹ̀ sí ẹnu, ẹ ó mọ̀ bóyá ó kan, bóyá ó gbẹ, bóyá ó kún fún iyanrìn. Ohun tí ó ní kí ẹ ṣe kéré, kò ná yín ní kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ti dúró. Ẹni tí ó bá sì ti dúró l'ẹ́nu gàrí tí ó fi ehín rún un, ó kù díẹ̀ kí ó béèrè iye.

Aláṣọ ní tirẹ̀ kò ní pariwo lé yín l'órí pé kí ẹ ra léèsì. Owó ńlá ni. Bí ó bá fi ipá pè yín, ẹ ó sá. "Àǹtí mi, ẹ jẹ́ kí a gbé e jáde síta, kí ẹ wo àwọ̀ rẹ̀ nínú oòrùn," ni ó máa wí. Ẹni tí kò ṣetán láti rà l'ónìí lè jẹ́ ìpè wíwò láìsí ìtìjú, bí ó bá sì di ìgbà ayẹyẹ, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti jẹ́ kí ó wò ó ni yóò kọ́kọ́ yà sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tí ó ń ta àgbò nígbà Iléyá. Kí ọdún tó dé rárá ni wọ́n ti ń sọ pé, "Ẹ mú èyí tí ó wù yín, ẹ fi owó díẹ̀ sílẹ̀, ẹ máa dá a díẹ̀díẹ̀, á máa jẹ koríko l'ọ́dọ̀ wa." Ìpè kí a wá san gbogbo owó l'ẹ́ẹ̀kan náà ì bá lé ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ.

Nígbà tí ọkọ̀ mólúè ṣì pọ̀ l'Ékòó, tí àwa náà ṣì ń wọ̀ ọ́ láti Ọ̀ṣòdì, a máa ń rí ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí. Ọkùnrin kan á dìde láàrin èrò, á kí tàgbà tèwe, á wá gbàdúrà pé ọkọ̀ wa kò ní dojú dé, a kò ní pàdé aburú. Gbogbo ọkọ̀ á ṣe "Àmín!" Ẹ dákẹ́ ná, ẹ rò ó wò. "Àmín" yẹn ni ohun àkọ́kọ́ tí ó ní kí a ṣe, a sì ti ṣe é. Ẹni tí ó ti ṣe àmín sí àdúrà ènìyàn, ó ṣòro kí ó tó gbé ojú kúrò l'ára onítọ̀hún. L'ẹ́yìn náà ni yóò mú ìkunra jáde, tí yóò máa pín in kiri: "Ẹ kàn bá mi gbà á wò, n kò ní kí ẹ rà á o, ẹ ka ohun tí ó wà l'ára rẹ̀." Ọjà ti dé ọwọ́ yín. Láti dá a padà ti wá di iṣẹ́ fún yín báyìí. Nígbà tí ó bá sọ pé ẹni mẹ́ta tí ó bá kọ́kọ́ na owó ni òun yóò bá dín in, ọwọ́ á ti máa nà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ẹ̀yìn ọkọ̀. Àwa náà ra ọ̀kan l'ọ́jọ́ kan nítorí ẹsẹ̀ tí ó ń yún wa. Títí di òní a kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ẹsẹ̀ náà sì yún títí ó fi rẹ̀ ẹ́.

Ìdí tí a fi sọ èyí kọ́ ni pé kí ẹ lọ máa ta ohun tí ẹ kò mọ̀. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ rí ni bí ó ti ń to ìpè rẹ̀: kékeré ṣáájú, ńlá tẹ̀lé e. Kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ẹ mú owó wá".

A padà sí ọ́fíìsì, a fa ìkéde àkọ́kọ́ ya. A bi ara wa pé, kí ni ó ń ba ènìyàn l'ẹ́rù nípa ẹ̀wà tí kò mọ̀ rí? Ìyàwó ilé wa ni ó dá wa l'óhùn: kò ju pé kí ẹ̀wà má jinná lọ. Gáàsì ti wọ́n, èédú ti wọ́n, ẹ̀wà tí ó bá wà l'órí iná láti ọ̀sán d'alẹ́ ti jẹ owó ju iye tí a fi rà á lọ. Nítorí náà a kọ ìkéde kejì, kúkúrú: "Ẹ WÁ GBA Ẹ̀WÀ LỌ SÈ WÒ. Ẹ mú agolo kan wá sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́ ní ọjọ́ Sátidé yìí, láti aago mẹ́jọ àárọ̀ sí aago méjìlá ọ̀sán. Ẹ béèrè akápò. Ọ̀fẹ́ ni." Iye owó kóńgò kan wà n'ísàlẹ̀, gàdàgbà gàdàgbà.

Ọ̀rọ̀ iye owó yìí, ẹ jẹ́ kí a fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ díẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú yín ni kì í fẹ́ kọ ọ́ síta. Ẹ ní bí oníbàárà bá rí i, kò ní wọlé wá náà án. Ẹ gbọ́, Òfin Ìdíje àti Ààbò Oníbàárà ti 2018 ní ilẹ̀ wa sọ pé kí ẹni tí ó bá pàtẹ ọjà fi iye rẹ̀ hàn, kò sì pọn dandan fún oníbàárà láti san ju iye tí a fi hàn lọ. Yàtọ̀ sí ti òfin, ìtìjú ń bẹ l'ára ènìyàn. Ẹni tí kò mọ̀ bóyá owó òun tó kì í fẹ́ béèrè l'ójú àwùjọ. Yóò ṣe bí ẹni pé òun kò rí ọjà yín, yóò kọjá.

Ọjọ́ Sátidé dé. Èrò dé pẹ̀lú agolo! Àṣìṣe wa tún yọjú, nítorí pé a kò sọ bí agolo náà ti gbọ́dọ̀ tóbi tó. Púpọ̀ mú agolo mílíìkì wá bí a ti rò, ṣùgbọ́n bàbá kan gbé garawa kékeré tí wọ́n fi ń ta ọ̀dà wá, ó ní agolo ni l'ójú tòun. A rẹ́rìn-ín títí. Akápò bu agolo mílíìkì kan sí ìsàlẹ̀ garawa rẹ̀, ẹ̀wà náà kò bo ìdí rẹ̀ pàápàá. Bàbá náà ni ó kọ́kọ́ padà wá ní ọjọ́ Mọ́ńdè, kóńgò mẹ́rin ni ó rà. Ẹ̀wà náà jinná kíákíá.

Bí ọjà ti ń yá ni ọgbọ́n wá pọ̀jù l'ágbárí wa. A ní níwọ̀n ìgbà tí àwọn ènìyàn ti ń ka ìkéde wa báyìí, kí a kúkú kó gbogbo ohun tí ẹgbẹ́ ń fẹ́ sínú ìwé kan ṣoṣo. A ní kí wọ́n wá ra ẹ̀wà, kí wọ́n wá san owó oṣù, kí wọ́n mú ọmọ ẹgbẹ́ tuntun wá, kí wọ́n wá gba fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó, kí wọ́n má sì gbàgbé ìpàdé. Ọ̀sẹ̀ náà ni ọjà kú jù. Ọmọ ẹgbẹ́ kan tí a bi l'éèrè ní òun rí i pé ọ̀rọ̀ pọ̀ n'íbẹ̀, òun wá fi í sílẹ̀ kí òun tó ráyè. Kò ráyè náà dòní. Bí ènìyàn márùn-ún bá ń pè yín l'ẹ́ẹ̀kan náà nínú ọjà, ṣé ẹ kò ní dúró sí ojú kan ni?

Èyí tí ó dùn wá jù ni eléyìí. Nígbà tí ó ku àpò mẹ́jọ, a kọ ọ́ pé, "Ọjọ́ Sátidé yìí ni òpin. L'ẹ́yìn rẹ̀, owó yóò gòkè." Kì í ṣe òótọ́. A kàn fẹ́ kí wọ́n yára ni. Wọ́n sì yára l'óòótọ́. Sátidé kọjá, àpò márùn-ún kù, owó kò gòkè, a tún tẹ ìkéde náà ránṣẹ́, a yí ọjọ́ rẹ̀ padà. Ní ọjọ́ kejì, ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tí ó jẹ́ télọ̀ wọlé wá pẹ̀lú fóònù rẹ̀ l'ọ́wọ́. Ó ti mú owó ìdánwò ọmọ rẹ̀ fi ra ẹ̀wà, nítorí pé ó rò pé bí òun kò bá rà á l'ọ́jọ́ Sátidé náà, òun kò ní rí i ní iye yẹn mọ́, pé kí òun tó san owó ìdánwò, òun á ti rí owó mìíràn. Kò rí owó mìíràn. Ó nà fóònù sí wa, ó ní, "Akọ̀wé, òpin wo ni ó ń lọ tí ó tún ń bọ̀?"

A kò rí èsì fọ̀. Alága pàṣẹ kí a dá owó rẹ̀ padà l'ójú ẹsẹ̀, kí ó sì máa mú ẹ̀wà náà lọ. A dá a padà, ó sì san owó ìdánwò náà kí ó tó pẹ́ jù. A tọrọ àforíjì l'ọ́wọ́ rẹ̀, a tún ń tọrọ rẹ̀ l'ọ́wọ́ gbogbo yín nínú ìwé yìí. Ìpè tí ó ní ọjọ́ kò burú. Bí ọjà yín bá máa tán l'óòótọ́, tàbí tí owó rẹ̀ máa yí padà l'óòótọ́, ó yẹ kí oníbàárà gbọ́. Ṣùgbọ́n télọ̀ yẹn, bí a bá kọ òótọ́ sí i l'ọ́la, ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò kà á kí ó tó dìde. Ohun tí a fi ọwọ́ ara wa rà nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a sọ nípa àwọn oníbàárà fúnra wọn, nítorí pé wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tí ó ń kọjá l'ọ́nà tí kò mọ̀ yín rí, ìpè kékeré ni tirẹ̀: kí ó wò ó, kí ó tọ́ ọ wò, kí ó béèrè. Oníbàárà àtijọ́ kò nílò kí ẹ tún máa ní kí ó tọ́ nǹkan wò, ẹ ó bí i nínú. Tirẹ̀ ni pé, "Mo ti bu tiyín sọ́tọ̀, ẹ rán ọmọ wá gbà á." Ẹni tí ó sì ti ń rà tẹ́lẹ̀ tí ẹ kò rí mọ́, ẹ má ṣe fi ọjà pè é rárá. Ẹ kí i. Ẹ béèrè àlàáfíà ilé rẹ̀, kí ẹ ní kí ó yà kí ẹ rí ojú ara yín. Ó lè jẹ́ pé gbèsè kékeré kan ni ó ń jẹ yín tí ó fi ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn.

Ọ̀rọ̀ gbèsè, a fẹ́rẹ̀ẹ́ má fẹ́ fi ọwọ́ kàn án. Pátákó kan wà ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù tí ó ní kò sí àwìn l'ónìí, ẹ padà wá l'ọ́la. Ẹ̀rín ni, gbogbo wa sì mọ̀ pé ọ̀la náà kò ní dé láéláé. Lẹ́tà tí ẹgbẹ́ wa máa ń kọ sí àwọn tí ó jẹ owó ẹ̀yáwó fẹ́rẹ̀ẹ́ dàbí rẹ̀: "A ń rán yín l'étí pé gbèsè yín ti pẹ́." Ẹni tí ó jẹ gbèsè kò gbàgbé! Láti bí oṣù méjì sẹ́yìn, ohun tí a ń kọ ni pé, "Ẹ wá rí wa ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí ẹ sọ iye tí agbára yín ká l'ọ́sẹ̀." Àwọn tí kò dá wa l'óhùn láti ọdún tó kọjá ti ń wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Owó kékeré ni wọ́n ń mú wá, ṣùgbọ́n owó ni.

Àwọn àgbà tí ẹgbẹ́ bíi tiwa fi ṣe àwòkọ́ṣe, ìyẹn àwọn ará Rochdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé, 21 Oṣù Kejìlá, 1844, ni wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù wọn. Bọ́tà, ṣúgà, oríṣi ìyẹ̀fun méjì àti àbẹ́là díẹ̀ ni gbogbo ọjà tí ó wà n'íbẹ̀. Àwọn ọlọ́jà tí ó ti wà n'ílùú náà ní ọjà jù wọ́n lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ìpè kan tí àwọn yòókù kò ní: ra nǹkan rẹ níbí, a ó kọ iye tí o rà sílẹ̀, bí a bá sì fẹ́ pín èrè, a ó pín in bí olúkúlùkù bá ṣe rà sí. Ẹni tí ó bá ra ìyẹ̀fun l'ónìí mọ̀ pé ohun kan ń dúró de òun ní ìgbà ìpín èrè, nítorí náà yóò padà wá l'ọ́sẹ̀ tí ó ń bọ̀. Èrè àpín yìí ni ó di okùn tí wọ́n fi so oníbàárà mọ́ ṣọ́ọ̀bù, kò sì ní irọ́ kankan nínú.

Èyí ni a fi ta àpò márùn-ún tí ó kù. A ra ìwé ńlá kan, a fa ìlà sí i, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tí ó ra ẹ̀wà ni a kọ orúkọ rẹ̀ àti iye kóńgò tí ó rà. A padà kọ ti àwọn tí ó ti rà ṣáájú náà sí i, àwọn tí a lè rántí. Ìkéde tí ó gbẹ̀yìn kò ju ìlà mẹ́ta lọ: iye owó kóńgò, ọjọ́ tí a ń tà á, àti "Ẹ rí i pé akápò kọ orúkọ yín kí ẹ tó lọ." Kò sí òpin irọ́, kò sí ìyìn gbọọrọgbọọrọ. Ó gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó tó tán, kò yá bíi ti ọjọ́ Sátidé òpin yẹn, ṣùgbọ́n ó tán.

Èrè tí a rí kò pọ̀ tó bí a ti rò, nítorí àpò tí kòkòrò jẹ àti ẹ̀wà ọ̀fẹ́ tí a bù. Akápò yóò ka ìṣirò rẹ̀ ní ìpàdé oṣù tí ó ń bọ̀, a ó sì jọ pinnu bóyá a ó tún rà. Ní ọjọ́ náà, kí olúkúlùkù ẹni tí ó ní ṣọ́ọ̀bù tàbí àtẹ kọ ohun tí ó fi ń pe oníbàárà sí ìwé kékeré kan, ìbáà jẹ́ ohun tí ó wà l'ára pátákó rẹ̀ tàbí èyí tí ó ń fi ẹnu ké. Ẹ má ṣe tún un ṣe, bí ó ti wà gan-an ni kí ẹ mú un wá. Ẹni tí kò bá mọ ìwé kọ, kí ó wá ké e sí wa l'étí, a ó bá a kọ ọ́. Ìyá eléèlùbọ́ ti gbà láti jókòó n'íwájú, òun ni yóò máa bi wá l'éèrè l'ẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan pé kí ni kí òun wá ṣe.